Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Nígbà tí igba ènìyàn lọgun lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkùnkùn gbọ̀ngàn sinimá náà, ẹni méjì péré ni kò wo ibi tí gbogbo ojú kọ sí.

Ẹni kìíní ni ọmọbìnrin tó fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn àbájáde, tó di ìwé pélébé kan àti bírò mọ́wọ́. Òun ló gé fíìmù náà. Àlùmọ́gàjí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnikẹ́ni bá pe èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ó máa ń wẹ̀yìn wò kó tó dáhùn. Bí wọ́n bá kó èrò jọ láti fi dán fíìmù wò kó tó jáde, kì í wo fíìmù rárá. Ojú èrò ló máa ń wò. Ibi tí wọ́n bá ti gbá apá ìjókòó mú, ibi tí gúgúrú bá ti dúró sí agbedeméjì ọwọ́ àti ẹnu, á fa ìlà sí i. Ibi tí ẹnì kan bá ti yọ fóònù wò, á kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìkanra, torí lọ́jọ́ kejì ibẹ̀ á di gígé dànù.

Ẹni kejì ni ọkùnrin kan ní ìlà kẹfà. Ó ti dìde. Ó ti kẹ̀yìn sí àwòrán náà pátápátá, ó ń wo àwọn tó ń pariwo yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò bi ní ìbéèrè. Ojú rẹ̀ lọ, ó bọ̀, ó sì ṣe kòńgẹ́ ojú Àlùmọ́gàjí.

Àyà ọmọbìnrin náà já pàà. Ìmọ́lẹ̀ ara ògiri ń tàn, ó ń kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọkùnrin náà, ó sì rí i pé omi ti lé ròrò sí i lójú. Ọkùnrin tó ń sunkún ní sinimá! Ó ti ń retí irú rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń fi ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ pamọ́ sábẹ́ ìwé ìṣirò nílé ẹ̀kọ́. Báyìí gan-an ló máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyẹn: èrò á pọ̀ bí eṣú, ojú á pàdé ojú, gbogbo ariwo á sì dákẹ́. Ariwo náà dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ nìyẹn. Òun ló fi ìdákẹ́jẹ́ sí ibẹ̀.

Ìtàn obìnrin kan ni fíìmù náà, tí ọkọ rẹ̀ ń dọ́gbọ́n sọ di wèrè. Kò nà án, kò bú u. Á kàn gbé kọ́kọ́rọ́ kúrò níbi tí ìyàwó gbé e sí, á ní ibẹ̀ kọ́ ló gbé e sí. Á sọ̀rọ̀ lówùúrọ̀, tó bá dọ̀sán á ní òun ò sọ ọ́. Díẹ̀díẹ̀, obìnrin náà ò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ẹni tó jókòó tó ń wò ó náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì: àbí kọ́kọ́rọ́ yẹn ò sí lórí tábìlì tẹ́lẹ̀ lóòótọ́? Adùn irú fíìmù bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Kò sí iwin, kò sí ẹ̀jẹ̀. Inú orí ẹni ni olè ti ń jà. Nígbà tó yá, ọkọ ti ìyàwó mọ́ yàrá ìkẹ́rùsí, kámẹ́rà sì dúró sórí ojú obìnrin náà fún ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ètè rẹ̀ ń mì, a ò gbọ́ ohùn, kò sí orin, lílù ọkàn nìkan ló ń lọ, kì, kì, kì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ni gbogbo ẹni tó ti wò ó ń ròyìn. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n yà, Àlùmọ́gàjí ló rí i, òun ló sì ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí iná tàn, tí èrò ń tú síta pẹ̀lú ẹ̀rín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rù, ọkùnrin náà tọ̀ ọ́ wá tààrà. Àlùmọ́gàjí ti yára fọwọ́ tún irun rẹ̀ ṣe.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni o. Èmi ni mo gé e." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo rí i pé ó wọ̀ yín lára gan-an."

"Ẹ̀yin lẹ gé e."

"Èmi ni. Ibi ilẹ̀kùn yẹn ńkọ́? Gbogbo ayé ló pariwo, ẹ̀yin nìkan lẹ dìde."

"Àbúrò mi ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn."

"Háà! Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n òṣèré wa! Ẹ bá mi kí wọn o. Ẹ sọ fún wọn pé mi ò gé ojú tó dára tó yẹn rí. Kí ló dé tí wọn ò wá?"

"Ohun tí mo wá wò nìyẹn. Ó ní kí n má wá, kò sì sọ ìdí." Ó sún mọ́ ọn. "Tíṣà ni mí. Àwọn ọmọ tí kò gbọ́rọ̀ ni mò ń kọ́, ọdún kọkànlá rèé. Ètè èèyàn ni mo ń wò kí n tó gbọ́rọ̀, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ sọ fún mi, kí ni wọ́n kọ pé kó sọ nínú yàrá yẹn?"

"Wọn ò kọ nǹkan kan. Ó kàn ń bẹ ọkọ rẹ̀ ni."

"Ọkọ wo? 'Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ṣeré mọ́.' Ohun tó ń sọ nìyẹn. 'Mi ò lè mí. Mi ò ṣeré mọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn.' Ìgbà mẹ́tàdínlógún ni mo kà kí n tó dìde."

"Ẹ̀gbọ́n, eré ni. Òṣèré tó mọṣẹ́ ni wọ́n, wọ́n lè..."

"Ṣé o gbọ́ ohùn rẹ̀?" Ọ̀wọ̀ ti tán lẹ́nu Tíṣà. "Ìwọ tó o gé e. Ọjọ́ wo lo gbọ́ ohùn rẹ̀?"

Àlùmọ́gàjí wo ìwé pélébé ọwọ́ rẹ̀.

"Mo bi ọ́!"

"Èmi... èmi kì í gbọ́ ohùn tí mo bá ń gé e."

Ọkùnrin náà wò ó látòkè délẹ̀. "O káre. Igba èèyàn ń jẹ gúgúrú, wọ́n ń wo ọmọ ìyá mi tó ń wá èémí, ìwọ wá dúró ò ń tún irun ṣe fún mi. O káre láé." Ó kẹ̀yìn sí i, èrò sì gbé e lọ.

Òótọ́ lọ̀rọ̀ náà. Bí Àlùmọ́gàjí ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ó sì máa ń fi í yangàn. Bó bá gba àwòrán tuntun, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ṣe ni kó pa ohùn wọn. Ó ní ohùn ń purọ́, ojú ló ń jẹ́wọ́. Á máa gé ojú mọ́ ojú títí ìtàn á fi lè dá dúró, ìgbà yẹn ni á tó ṣí ohùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn, Àǹtí ti wá dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, ó ní, "Má wulẹ̀ ṣí ohùn èyí. Lílù ọkàn nìkan la máa fi sí i." Inú Àlùmọ́gàjí dùn sí i lọ́jọ́ náà, ó ní ọpọlọ Àǹtí pé.

Àǹtí ni olùdarí fíìmù náà. Àbúrò ìyá Àlùmọ́gàjí ni. Òun ló mú un wọṣẹ́, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gba èémí lẹ́nu èrò tí wọ́n á sì dá a padà fún wọn nígbà tó bá wù wọ́n.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó dé, ó ṣí yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Yàrá tóóró ni, páálí dúdú ni wọ́n fi dí fèrèsé rẹ̀, kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀ àti àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yẹ̀. Ó wá àwòrán náà jáde bó ṣe rí kó tó fọwọ́ kàn án. Ó fi ìgbọ́hùn bo etí méjèèjì. Ó ṣí ohùn.

Ohun tí Tíṣà sọ kò lé, kò dín. Àfi pé ètè ò lè sọ bí ohùn ṣe ń ya, bó ṣe ń di ti ọmọdé, bó ṣe ń pe ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ èékánná lára pákó. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn mìíràn láti òdì kejì ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́, ohùn tó ti kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀: "Ẹ má tíì ṣí i o. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáa bọ̀ ni."

Ọkùnrin kan ní, "Ọ̀gá, ó jọ pé kì í ṣe eré mọ́ o."

"Ta ló bi ọ́?" ni Àǹtí wí.

Àlùmọ́gàjí já ìgbọ́hùn náà kúrò létí, ó là á mọ́ ògiri. Ìbínú tó gbé e kọ́kọ́ kọjú sí òun fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni àwòrán yẹn nígbà tó délẹ̀. Òun ló fà á gùn. Òun ló jókòó sórí àga tó ń yẹ̀ yìí, tó ń dẹ ìrìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń wí fún ara rẹ̀ pé kò tíì tó, ẹ jẹ́ kó tún pẹ́ sí i. Ó dìde, ó sì gba ọ̀nà yàrá Àǹtí lọ.

Àǹtí ti bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì, ó ń ka ìwé kan.

"Àǹtí, mo ṣí ohùn rẹ̀."

"Ẹ káàárọ̀ ńkọ́? Ohùn kí ni?"

"Ti yàrá ìkẹ́rùsí."

Àǹtí yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e lé orí ìwé náà jẹ́jẹ́. "Mo ní kó o má ṣí i."

"Ó ń sọ pé òun ò ṣeré mọ́."

"Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Tí eré bá ti ń wọ̀ wọ́n lára, wọ́n á ní ó ti tó."

"Ó ń pe ìyá rẹ̀, Àǹtí! Ẹ̀yin dúró síta, ẹ̀ ń sọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáa bọ̀!"

"Ṣé kò dáa ni?" Àǹtí fara ti àga. "Ta ló sáré wá bá mi nínú yàrá yìí tó ń fò bí ọmọ ẹran? 'Àǹtí, mo ti rí i, ẹ wá wo ojú yìí!' Àbí èmi ni mo yan án?"

Ọ̀rọ̀ náà bà á níbi tó ti ń dùn ún, Àǹtí sì rí i pé ó bà á.

"Jókòó, jẹ́ n kọ́ ọ ní nǹkan. Èrò mọ ayédèrú ẹ̀rù. Máa kun omi sójú òṣèré, máa ní kó gbọ̀n, wọ́n á kàn máa wo aago ni. Ìdí tí igba èèyàn fi lọgun lánàá ni pé ara wọn sọ fún wọn pé òótọ́ rèé. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fi ilé sílẹ̀ nìyẹn."

"Irọ́ ni." Kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí Àǹtí rí láyé. "Ẹ̀rù sinimá ń dùn torí pé ẹni tó jókòó mọ̀ pé iná máa tàn. Ó mọ̀ pé òun máa dìde, òun máa lọ sílé. Òṣèré wa ńkọ́? Ta ló sọ fún un pé iná máa tàn? Ó ní òun ò ṣeré mọ́, ẹ ní eré ló ń ṣe. Àǹtí, kí ni ọkọ inú fíìmù yìí ń fi ìyàwó rẹ̀ ṣe tó ju ìyẹn lọ?"

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Àwọn ìwé olólùfẹ́-mi-dákun tó ò ń kà yẹn, mo ti ní kó o kó wọn sọ nù. Wọ́n ti mú orí rẹ rọ̀ bí ẹ̀wà. Wò ó, bó bá dùn ún, ṣé kò lọ́wọ́ ni? Kó kọ ọ́. Ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ̀ bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ pé òun ò fẹ́ ẹ, ọjọ́ náà ni màá yọ ọ́. Oṣù márùn-ún rèé. Ṣé o rí lẹ́tà? Aago mẹ́rin òní ni Alágbàtà ń bọ̀ wá gba fíìmù, kó lè pín in fún gbogbo gbọ̀ngàn ṣáájú ọjọ́ Ẹtì. Tó bá ti gbé e jáde níbí, ó tán. Lọ jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ."

Kò jókòó sídìí iṣẹ́ kankan. Ó wá àdírẹ́sì òṣèré náà nínú ìwé tí wọ́n kọ orúkọ gbogbo wọn sí, ó já síta.

Tíṣà ló ṣílẹ̀kùn fún un, lókè àjà kejì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n sá aṣọ sí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

"Kí lo tún ń wá? Ṣé gúgúrú ló kù?"

"Mo gbọ́ ọ," ni Àlùmọ́gàjí wí. "Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ n rí wọn."

Tíṣà yà fún un. Nígbà tó wọlé ló rí i pé yàtọ̀ sí ilẹ̀kùn ìta, kò sí ilẹ̀kùn kan nínú ilé náà. Ti yàrá, ti ilé ìdáná, títí kan ti ilé ìwẹ̀, wọ́n ti tú gbogbo rẹ̀ kúrò, ó ku irin tí wọ́n fi dè wọ́n lára férémù. Aṣọ kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ni wọ́n ta síbẹ̀.

Òṣèré náà jókòó sórí àga gígùn, ó ká ẹsẹ̀ lé e. Wọn ò ríra rí. Síbẹ̀ Àlùmọ́gàjí mọ ojú náà ju ojú ara rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé ojú òsì ló máa kọ́kọ́ ṣẹ́ kí tọ̀tún tó tẹ̀ lé e. Ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀ nílé nìkan ni kò tíì gbọ́. Ohùn náà nípọn, ó sì lọ́ra, ohùn ẹni tó ti fẹ́ràn àwàdà nígbà kan.

"Ìwọ ni Àlùmọ́gàjí."

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí n má bínú kẹ̀? Oṣù márùn-ún ni mo fi ń bẹ̀rù. Jẹ́ n bínú díẹ̀, jàre."

Àlùmọ́gàjí kúnlẹ̀. "Àǹtí ní ẹ ò kọ̀wé. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá kọ̀wé, àwọn á yọ ọ́."

Obìnrin náà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn ún gbọ́. Ó tẹ ọwọ́ sábẹ́ tìmùtìmù, ó fa àpòòwé méjì yọ, ó jù wọ́n sórí tábìlì. Ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí èyíkéyìí nínú wọn. Ara wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí pẹ̀lú bírò pupa: *Ẹ dá a padà.* Àlùmọ́gàjí mọ ìkọ̀wé yẹn. Bírò pupa yẹn kan náà ló ti ń tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe láti ọdún mẹ́fà.

"Àkọ́kọ́, mo fi ránṣẹ́. Èkejì, èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ. Ó ní kí akọ̀wé wí fún mi pé wọn kì í gba lẹ́tà lọ́wọ́ òṣèré. Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mò ń gbọ́ ọ tó ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù."

"Ìwọ ò sì sọ fún mi!" ni Tíṣà ké.

"Kí n sọ kí ni fún yín? Kẹ́ ẹ lọ bá a jà, kí wọ́n wá sọ pé èmi ni mo rán yín?"

Àlùmọ́gàjí ti mú àpòòwé kan. Ìbínú rẹ̀ ti kúrò lára ohun tó ń jó, ó ti tutù, ó ti le bí irin. "Ẹ tún un kọ. Ẹ má kọ ọ́ sí Àǹtí mọ́. Ẹ kọ ọ́ sí Alágbàtà. Òun ló ń gbé e jáde. Bí lẹ́tà yín bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kó tó buwọ́ lù ú, kò ní lè sọ pé òun ò mọ̀."

"Tí wọ́n bá wá ní mo ń ba iṣẹ́ jẹ́ ńkọ́? Ta ló máa tún pè mí ṣeré?"

"Kọ ọ́, jàre," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Ẹ má pàṣẹ fún mi! Gbogbo yín lẹ ń pàṣẹ fún mi. Dúró síbí, má ṣí i, kọ ọ́, má kọ ọ́. Ẹ fi mí sílẹ̀!"

Wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n lọ dúró nílé ìdáná, àwọn méjèèjì, wọ́n ń wo aago ara ògiri. Aago méjì kọjá. Wọ́n gbọ́ tí ìwé ya. Wọ́n gbọ́ tó tún ya. Aago mẹ́ta ku díẹ̀. Tíṣà bu omi sínú ife kan, ó gbé e fún Àlùmọ́gàjí, kò wojú rẹ̀. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni òṣèré náà gbé aṣọ ẹnu ọ̀nà sókè, ó na àpòòwé kan sí Àlùmọ́gàjí.

"Má kà á."

"Mi ò ní kà á."

"Ìwọ lo máa fún un, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Ìwọ lo fà á gùn, mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ibi iṣẹ́ yín."

"Èmi ni mo fà á gùn."

"Ó dáa. Máa lọ."

Nígbà tó fi máa dé ibi iṣẹ́, òógùn ti lẹ aṣọ mọ́ ọn lẹ́yìn. Alágbàtà ti dé. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, tí aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó jókòó níwájú Àǹtí, ó fi bírò tẹ̀ lé ìwé kan láti ìlà dé ìlà.

"Ó ku ìbéèrè kan. Ṣé ẹnikẹ́ni wà nínú àwọn òṣèré yín tó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fi àwòrán òun hàn?"

"Rárá o," ni Àǹtí wí. "Ẹyọ kan ò sí."

"Irọ́ ni," ni Àlùmọ́gàjí wí látẹnu ọ̀nà.

Àǹtí ò tilẹ̀ bínú. Ó yíjú sí Alágbàtà, ó mi orí pẹ̀lú àánú. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun ló gé e. Iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún un, kò sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí kò sí."

"Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, Àǹtí. Láàárọ̀ yìí."

"Ohùn wo, ọmọ mi? A ò gba ohùn sílẹ̀ rárá lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ fún ọ láàárọ̀, o sì ní o ti gbọ́. Àbí o ti gbàgbé?"

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tìfẹ́tìfẹ́, débi pé fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, ilẹ̀ yẹ̀ mọ́ Àlùmọ́gàjí lẹ́sẹ̀. Ṣé ó sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀? Ó wá ọ̀rọ̀ náà nínú orí ara rẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé e bó ṣe ń rí nínú yàrá tí wọ́n tì mọ́ èèyàn, ìbínú tó sì tẹ̀ lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ lójú.

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ohun tẹ́ ẹ sọ ni pé tẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà rẹ̀, ẹ máa yọ ọ́. Lẹ́tà rẹ̀ rèé. Ẹ̀kẹta rèé."

Alágbàtà gbójú sókè. Ojú Àǹtí lọ sí àpòòwé náà, ó yí padà, ó sì tún bọ̀ sípò. Ó dìde láìwọ bàtà, ó na ọwọ́.

"Ó dáa náà. Àbí mo kọ̀ ni? Mo ní kó kọ ọ́, ó sì ti kọ ọ́. Mú un wá, ọmọ dáadáa. Èmi pẹ̀lú ẹ la jọ máa kà á, a máa wo ohun tá a lè ṣe sí i. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni."

Àlùmọ́gàjí ò mira.

"Mú un wá. Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Kí ni kí n wí fún ìyá rẹ?"

"Ẹ wí fún wọn pé mo ṣí ohùn rẹ̀."

Ó rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tí Àǹtí nà sílẹ̀, ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ìka náà fi ra aṣọ rẹ̀ lára. Ó dúró níwájú Alágbàtà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na lẹ́tà náà sí i. Ọkùnrin náà wo Àǹtí, ó wo ọmọbìnrin náà. Ó dé bírò rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ lórí ìwé tí kò tíì buwọ́ lù, ó sì gba lẹ́tà náà.